Aṣọ́mọ Tí Kì í Jẹ́ Kí Ọmọ Sùn

Lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo àdúgbò, dókítà ìkókó ti ilé iṣẹ́ ìlera ìlú sọ òkúta lu fèrèsé ilé àbúrò rẹ̀, ó gba ojú ihò náà wọlé, ó sì gbé ọmọ ọlọ́mọ sá lọ.

Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti yí. Àwọn kan ní ìlara ló ń dà á láàmú. Irọ́ ni méjèèjì. Orí rẹ̀ pé, àwọn ọmọ tirẹ̀ sì ti dàgbà, wọ́n ti ń bọ́ ara wọn. Ohun tó gbé e dé ojú fèrèsé yẹn ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí òtútù ọdún náà kọ́kọ́ dé, ní ọjọ́ tí wọ́n ń wọn ọmọ.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni pé kí ìkókó má kú. Ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bó o bá yọ ọ̀ṣọ́ kúrò lára rẹ̀, ohun tó kù nìyẹn. Òun ló ń wọn wọ́n, òun ló ń wo àtàrí wọn, ẹnu wọn àti ìdodo wọn, òun ló ń rán nọ́ọ̀sì lọ sílé abiyamọ tí kò bá yọjú. Ìyá Ìkókó ni ìlú ń pè é. Kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Bí ìyá kan bá ní, “Dókítà, ọmọ mi kàn rù díẹ̀ ni,” á ní, “Kò rù díẹ̀. Ebi ló ń pa á. Yọ ọmú.” Síbẹ̀ wọ́n ń wá, torí pé ọmọ tó bá bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ kì í sáábà jábọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn abiyamọ tò sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọ orin tí dókítà fúnra rẹ̀ ṣe fún wọn lọ́dún náà kí ẹ̀kọ́ má bàa bọ́ lórí wọn:

Ti fèrèsé, fa kọ́tìnnì,
Tan hítà, kí yàrá móoru,
Ọmọ tuntun kì í bá òtútù ṣeré.

Orin náà dùn. Kò sí ilé tí wọn ò ti ń kọ ọ́.

Ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n kò dúró jẹ́ẹ́. Ó ń fi ọwọ́ kan ra ọwọ́ kejì, bí ẹni tó ń fọwọ́ láìsí omi. Dókítà la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó pupa, ó ń bó, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú omi gbígbóná. Ẹsẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú òtútù yẹn, ọmọ ń làágùn.

“Ìgbà wo ló sùn kẹ́yìn?”

“Kì í sùn mọ́, mà,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ó kàn ń wo àjà. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀.”

Dókítà gbé ọmọ kejì. Ọwọ́ pupa. Nígbà tó máa fi dé ìdajì bẹ́ǹṣì, orin ti dákẹ́ láìsí ẹni tó ní kí wọ́n dákẹ́. Àwọn obìnrin náà ń wo ara wọn bí àwọn tó jọ bo òkú mọ́lẹ̀.

Nígbà náà ló rí okùn tín-ín-rín kan lọ́rùn ọmọ. Ó fà á. Ìgò kékeré kan jáde, kò gùn ju èékánná lọ, wọ́n fi ìda dí i lẹ́nu. Ohun kan ń dán nínú rẹ̀. Ó yí ìgò náà, ohun náà pín sí wẹ́wẹ́, ó sì tún rọra wá ara rẹ̀ kàn, ó parapọ̀. Dókítà rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kékeré, tó ń wò ó.

“Kí lèyí?”

“Aṣọ́mọ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di í mú pẹ́. Ó máa ń mọ ọwọ́.”

“Ta ló fún ẹ?”

Ìyá ọmọ wolẹ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn sọ pé, “Dókítà, ẹ bá wa wọn ọmọ wa, ká máa lọ.”

Ó mọ ohun tó wà nínú ìgò. Mákúrì ni, irin tó ń ṣàn bí omi, tó sì lóró. Ohun tí kò yé e ni bí èyí tí wọ́n fi ìda dí pa bẹ́ẹ̀ ṣe wọ inú ara ọmọ. Ó ṣì ń rò ó nígbà tí tẹlifóònù orí tábìlì rẹ̀ dún. Ó gbé e. Ọmọ ìkókó kan ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ̀rín kíkẹ̀ bíi ti àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà ohùn kan pe orúkọ kan tó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń fi pè é. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́.

“Ẹ ti ṣi nọ́ńbà pè,” ni dókítà wí, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó padà sídìí òṣùwọ̀n, ó ní kí gbogbo abiyamọ bọ́ ìgò oró náà kúrò lọ́rùn ọmọ; wọ́n bọ́ ọ níṣojú rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú ú sápò.

*

Ní ẹ̀yìn òpópónà àwọn tó ń tún bàtà ṣe, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, Ìyá Awẹmọ da díẹ̀ nínú omi irin rẹ̀ sínú àwo funfun.

Láyé ọjọ́un, kò sí ìkókó tí wọ́n bí ní gbogbo òpópónà yẹn tí kì í ṣe òun ló máa wẹ̀ ẹ́. Òun ló ń nà án lápá, nà án lẹ́sẹ̀, òun ló ń sọ ohun tí ọmọ máa dà fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀, èyí tó fẹ́ràn jù nínú méjèèjì ni ẹ̀rù. Àfìgbà tí ilé iṣẹ́ ìlera gbé òṣùwọ̀n dé. Ìgbà kan ó tẹ̀ lé abiyamọ kan dé ẹnu géètì níbẹ̀, dókítà sì sọ fún un níṣojú gbogbo ayé pé, “Màmá, omi ìwẹ̀ yín kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ lọ jókòó sílé, ẹ jẹ́ á ṣiṣẹ́.” Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wà létí rẹ̀ dòní.

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni ọkọ rẹ̀. Òun ló fi àwọn ìgò omi irin sílẹ̀, torí ó ń fi í fa wúrà jáde nínú erùpẹ̀. Kó tó kú, ó gbọ̀n títí tí ṣíbí kò fi mọ̀nà ẹnu rẹ̀ mọ́. “Ohun yìí ló jẹ mí,” ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin mìíràn ìbá da ìgò náà sínú ihò. Òun rò ó sí ọ̀nà mìíràn. Ohun tó lè jẹ ọkùnrin gìdìgbà bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí kò lè jẹ. Ó kàn fẹ́ ẹni tó máa dárí ẹ̀ ni.

Ó tẹ̀ mọ́ àwo náà, ó mí sí i, ó pe orúkọ dókítà. Omi irin náà wárìrì. Ó ṣù jọ, ó sì rìn lọ sí etí àwo tó kọjú sí ilé iṣẹ́ ìlera. Ìyá Awẹmọ rẹ́rìn-ín. Èrìgì rẹ̀ ti dúdú, eyín tó kù níbẹ̀ kò sì fìdí múlẹ̀.

“Ó ti mọ̀nà,” ló wí.

Ẹnì kan kanlẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé, ó fi ìborí bo ojú, ó gbé ọmọ pọ̀n. Àbúrò dókítà ni. Ìyá kan, baba kan. Oyún tó ní ṣáájú wálẹ̀ nígbà tó ti ń mira, láti ìgbà náà ló ti ń bẹ̀rù òjìji ara rẹ̀.

“Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ò gbọdọ̀ gbọ́ o.”

“Ẹ̀gbọ́n ẹ á gbọ́ nígbà tí ọmọ bá ń sáré,” ni Ìyá Awẹmọ wí. Ó gba ọmọ náà mọ́ra, ó fẹnu kò ó lórí, bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe. “Ìgò tọrùn yìí, kí ayé lè rí i ni. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, wàá kán an sí igun yàrá àti abẹ́ tìmùtìmù. Má ṣí fèrèsé. Tan hítà. Ṣe bí ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe kọ ọ́ lórin gẹ́lẹ́. Bí fèrèsé bá fi lè ṣí kí òtútù tó lọ, ohun tó mú ti àkọ́kọ́ á gbabẹ̀ padà wá.”

“Àwọn ọmọ tó ti ń lò ó ń làágùn díẹ̀, màmá. Ọwọ́ wọn sì ń pọ́n.”

“Ìjà ni wọ́n ń jà nínú. Wọ ìbọ̀wọ́ fún tìẹ, kí olójú búburú má bàa rí i.”

Nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin náà lọ tán, ó padà sí ìdí àwo. Bí ọmọ ilé dókítà bá wà lábẹ́ Aṣọ́mọ, ta ni yóò tún gbọ́ ti dókítà? Ohun tó ń wá nìyẹn. Kò rò pé ọmọ á kú. Kò sì rò pé kò ní kú. Kò kàn rò ó.

*

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀wù ọmọ tuntun kan wà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì dókítà. Ẹ̀wù funfun. Wọ́n fi òwú dúdú rán ẹnu apá méjèèjì pa, wọ́n rán ọrùn rẹ̀ pa. Ohun kan tó wúwo ń rìn nínú rẹ̀.

Dírẹ́bà ilé iṣẹ́, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri.

“Mà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti rán yín mọ́ inú ẹ̀. Mo mọ bàbá kan tó lè…”

“Ta ni ò mọ bàbá kan nílùú yìí? Mú síṣọ́ọ̀sì wá.”

“Mà, síṣọ́ọ̀sì kọ́ ni wọ́n fi ń tú u.”

“Òwú ni wọ́n fi rán an, síṣọ́ọ̀sì ni mo máa fi tú u. Bó bá jẹ́ wáyà ni wọ́n fi rán an, mi ò bá ní kó o mú pínsà.”

Ó tú apá kan. Omi irin dà sílẹ̀, ó fọ́ sí wóró wóró, wóró kọ̀ọ̀kan sì sáré lọ sí igun yàrá, bí àlejò tó ti mọ ilé tẹ́lẹ̀. Dírẹ́bà pariwo. Dókítà ṣí gbogbo fèrèsé, ó bu imí-ọjọ́ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè, ó wọ́n ọn sí wọn lórí. Dídán wọn kú. Wọ́n dúró.

“Ẹ wò ó,” ni dírẹ́bà wí, ó ń mí gúlegúle. “Ẹ̀yin náà ní tiyín. Ẹ ò sì tètè sọ.”

“Oògùn kọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

“Ohun tí gbogbo wọn máa ń wí nìyẹn, mà.”

Ó gbé ẹ̀wù náà, tí apá rẹ̀ ti là, lọ sí ẹnu géètì, ó fi kọ́ sójú oòrùn níbi tí gbogbo àwọn tó ń kọjá á ti rí i. Ó sọ̀rọ̀ sókè, kì í ṣe fún ẹni tó wà nítòsí: “Ẹni tó ni ín kó wá mú un. Ẹ̀wù tí ọmọ ò lè wọ̀, kì í ṣe ẹ̀wù.”

Ẹ̀rù bà á o. Kò sí ìdí tí a ó fi parọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá jẹun, bíi pé ó ń lá irin ni. Bó bá ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn, bó bá yíjú, kò sí ẹnì kan. Àwọn ẹyẹlé tó máa ń bà lórí òrùlé ibẹ̀ ṣí lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn kò padà. Ṣùgbọ́n òun kò ṣí lọ síbì kan. Ó ń dé iṣẹ́ ṣáájú àwọn agbálẹ̀.

Ohun tó ń dùn ún jù ni ìdákẹ́ àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ ń kọjá, àbúrò kì í wá. Bó bá lọ sílé wọn, wọ́n á gbé ọmọ jáde wá bá a ní pálọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, wọ́n á tún gbé e wọlé. “Ó fẹ́ sùn ni, ẹ̀gbọ́n mi.” Òun náà rò pé òtútù ni wọ́n ń sá fún. Orin rẹ̀ ni wọ́n ṣáà ń tẹ̀ lé.

*

Ọmọ kan kú. Ọmọ àkọ́kọ́ tó gbé sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ yẹn ni. Dókítà wọ mọ́tò lọ sílé wọn fúnra rẹ̀.

Ìyá ọmọ mú un wọ yàrá. Yàrá náà gbóná bí inú ààrò. Kọ́tìnnì bo fèrèsé, wọ́n sì fi aṣọ dí gbogbo ihò. Hítà ṣì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn òfìfo, kò sí ẹni tó ní ọkàn láti pa á. Bí dókítà ṣe gbé ẹsẹ̀, ó rí ohun dídán kan ní igun. Ó wo igun kejì. Ó gbé tìmùtìmù sókè. Wọ́n wà níbẹ̀, wóró wóró, wọ́n ń yọ́ rìn kúrò nínú ìmọ́lẹ̀.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ ti fèrèsé pa báyìí?”

Ìyá ọmọ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. “Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa lórin.”

Dókítà jókòó sórí ilẹ̀. Ohun tó ń wá ti yé e, ì bá sì dùn mọ́ ọn kó má yé e. Omi irin tó bá gbóná a máa gòkè bí èéfín tí ojú ò rí. Nínú yàrá tó ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn á gbé e lọ. Nínú yàrá tí wọ́n ti pa, tí wọ́n sì ń dáná sí, kò ní ibi tó máa gbà bí kò ṣe imú ọmọ. Idà Ìyá Awẹmọ wà nínú àkọ̀ látọjọ́ yìí. Orin dókítà ló fà á yọ.

“Ta ló fún yín ní Aṣọ́mọ?”

Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin náà dá a lóhùn.

*

“Ìyá Ìkókó! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ má wulẹ̀ bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ lè yá yín láti sá.”

Ìyá Awẹmọ jókòó sídìí àwo rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì fi í sábẹ́ ìró kí ó má bàa hàn. Dókítà dúró sójú ilẹ̀kùn, ó jẹ́ kí ó ṣí gbayawu sẹ́yìn rẹ̀.

“Màmá, mo wá kó ohun tí ẹ ń pín.”

“Ṣé o fẹ́ kó o ni, àbí o fẹ́ kó kó ọ?”

“Ọmọ ti kú lórí ẹ̀.”

“Lórí tèmi nìkan?” Obìnrin náà na ọrùn síwájú. “Mo pín in lọ́dún tó kọjá náà, nígbà tí fèrèsé ṣí; ṣé o rí ọwọ́ pupa? Tèmi ò dá pa ẹnì kankan rí. Ta ló ní kí wọ́n ti ilé? Ta ló ní kí wọ́n tan iná? Wọ́n ń kọ ọ́ kiri, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i! Èmi àti ìwọ la jọ sè é, dókítà. Ó ku kí o lọ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá ẹ.”

Dókítà wo àwo náà.

“Òótọ́ ni. A jọ sè é. Ìdí tí mo fi fẹ́ da ìkòkò náà nù nìyẹn.”

Ojú Ìyá Awẹmọ yí padà. Ó ti ń retí ẹkún tàbí èébú. Ó mí sí àwo náà, omi irin gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan bí ohun tó ń ti ojú oorun jí, atẹ́gùn ilẹ̀kùn sì kú. Dókítà gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn etí gan-an. Kò yíjú.

“Ẹsẹ̀ ẹ wúwo,” ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. “Mo rí i. O fẹ́ da tèmi nù? Lọ da ti ilé ẹ nù ná. Ọmọ tó wù ọ́ jù láyé, ìgbà wo lo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kẹ́yìn? Wọ́n máa ń wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀wọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Dókítà ti wà nínú mọ́tò lẹ́yìn dírẹ́bà kí Ìyá Awẹmọ tó parí ẹ̀rín rẹ̀.

*

Ilé àbúrò rẹ̀ wà ní títì, lọ́sàn-án tí oòrùn ń ràn. Ọkọ ti lọ sí ìdí iṣẹ́ wẹ́dà rẹ̀. Àwọn aládùúgbò jókòó síta.

“Ṣílẹ̀kùn.”

“Ọmọ ń sùn, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ọmọ tó wà lábẹ́ nǹkan yẹn kì í sùn. Mo ti mọ̀. Ṣílẹ̀kùn fún mi.”

Ó gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn láti inú. “Ẹ máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní bó bá ṣí, á padà wá.”

“Wọ́n parọ́ fún ẹ. Oró ni ọmọ ń fà símú.”

“Ẹ̀yin kì í parọ́, mo mọ̀!” Ohùn náà ya. “Ìyẹn gan-an ló burú lára yín. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ wálẹ̀, tí mo dùbúlẹ̀ síbí, kí lẹ sọ? Ẹ ní, ‘Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Jẹun, kó o sùn.’ Ẹ lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin yẹn jókòó tì mí. Ó bá mi sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?”

Dókítà gbé iwájú orí lé ilẹ̀kùn. “Mo ṣẹ̀ ọ́. Ṣí i, kó o nà mí. Kó o nà mí títí ó fi máa tẹ́ ọ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ṣí i.”

“Mi ò ní ṣí i.”

Nínú yàrá, ọmọ sunkún. Ẹkún náà tín-ín-rín bíi ti ọmọ ológbò tó wà nínú àpótí. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó sì dákẹ́ jù.

Dókítà rìn yí ilé ká dé ojú fèrèsé. Ó mú òkúta. Ohùn kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì, kì í ṣe ti àbúrò rẹ̀, ohùn ìyá wọn ni, bó ṣe máa ń rí tó bá ti rẹ̀ ẹ́: “Bó o bá fọ́ ọ, ìwọ lo máa jẹ gbèsè ẹ̀ o.”

“Ó dáa, màmá,” ni dókítà wí. “Ẹ jẹ́ n jẹ ẹ́.”

Ó sọ ọ́.

Gíláàsì fọ́ wọlé, kọ́tìnnì ya, ooru yàrá náà sì jáde bá a lójú bí èémí ẹranko. Ó fi apá gbá àfọ́kù dànù, ó gùn ún. Nínú, àwọn wóró dídán ń yí bọ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ó kọjá. Ọmọ náà la ojú sílẹ̀, kò sì wo ohunkóhun. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ kan. Àtẹ́lẹwọ́ náà pupa, ó ti bó.

Àbúrò rẹ̀ já wọlé, ó di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. “Wọ́n ti ń wọlé! Ẹ ò gbọ́? Wọ́n ti ń wọlé!” Dókítà fa ara rẹ̀ títí aṣọ fi ya, ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó gba ilẹ̀kùn iwájú jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ní apá rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti dìde. Dírẹ́bà ti tan mọ́tò, ó yọrí jáde.

“Ẹ yà, ẹ yà! Ẹ ò tíì rí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ rí ni?”

*

Wọ́n gba ọmọ náà sí ọsibítù, wọ́n fún un ní oògùn tó ń fa irin jáde nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìlera ti ránṣẹ́ pe dókítà.

“Ọkọ àbúrò yín wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní ẹ jí ọmọ òun gbé. Dókítà, ẹ kàn tọrọ àforíjì, ká fi parí ẹ̀. Ní ti orin yẹn sì, ẹ má jẹ́ ká tún máa sọ ọ́ síta. A lè rọra yí i padà. Kò sí ẹni tó máa fura.”

“Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀, ó sì ní òun ò gbà. Ti orin, èmi ni mo fi ẹnu ara mi kọ ọ́. Ẹnu yẹn náà ni màá fi sọ ọ́.”

“Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.”

“Kí wọ́n wá gbà á ní ìdí òṣùwọ̀n. Ibẹ̀ ni wọ́n máa bá mi.”

Ní ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ, ó dúró síwájú bẹ́ǹṣì pẹ̀lú báńdéèjì lápá. Kò sọ ọ́ yípo. Ó ní orin òun àti omi irin ni wọ́n jọ pa ọmọ tó kú. Ó ní kí wọ́n lọ ṣí fèrèsé, kí wọ́n má fi ọwọ́ kan wóró kankan, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ láti ilé dé ilé pẹ̀lú imí-ọjọ́. Lẹ́yìn náà obìnrin kan béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn.

“Dókítà, bí ohun burúkú bá wá gba fèrèsé wọlé ńkọ́?”

“Ẹ júwe ọ́fíìsì mi fún un. Mo máa ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ní gbogbo òpópónà náà, àwọn fèrèsé ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn abiyamọ ń gbé ìgò kéékèèké lọ sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Awẹmọ, wọ́n ń kó wọn sílẹ̀ láìkí i. Òun jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Nígbà tí dókítà dé, tó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ á lọ tọ́jú ẹ̀yin náà,” ó tutọ́ sílẹ̀. Eyín kan bá itọ́ náà jáde. Kò lọ. Ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ gbà lọ lòun náà gbà.

Wọn kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Bí àwọn ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, kò sí ẹni tó láyà láti gbà á. Ọmọ àbúrò rẹ̀ sùn pẹ̀lú. Ó jẹun, ó sanra, ó hu eyín. Ọkọ lọ fa ẹjọ́ rẹ̀ jáde ní àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ó mú iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ rán an wá: dókítà kò gbọdọ̀ tẹ ojúlé wọn mọ́.

Ó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún àbúrò tí òun fúnra rẹ̀ pọ̀n dàgbà. Àbúrò rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ tọ̀nà. Ẹ̀yin ṣáà ni ẹ máa ń tọ̀nà.” Ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n kó lọ sí òdì kejì ìlú.

Nígbà tí ọmọ tó ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, bàbá rẹ̀ ló mú un wá. Ó ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ kan gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì.

“Kí dókítà,” ni bàbá rẹ̀ wí.

“Ẹ káàárọ̀, dókítà,” ni ọmọ náà wí.

Dókítà gún un lábẹ́rẹ́. Ọmọ náà ké, ó sá mọ́ bàbá rẹ̀ lára, ó ń wò ó bí a ṣe ń wo àjèjì. Láti ojú fèrèsé, dókítà rí ìyá ọmọ tó dúró sójú títì nínú oòrùn, tó kẹ̀yìn sí ilé iṣẹ́ náà, tó ń dúró dè wọ́n. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi jáde bá a. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ọmọ yè. Àbúrò kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí tẹ̀ lé e ni dókítà fi san gbèsè náà.